Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ẹni Tó Mọ Rìfáàsì Láàárín Wa

 

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló béèrè ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wakọ̀ láti Ìbàfo lọ sí Èkó, àtàlọ àtàbọ̀, kó tó rìnrìn àjò. Nígbà tó dé ọ̀hún, oṣù 12 péré ni òfin gbà á láyè láti fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, dandan ni kó ṣe ìdánwò tiwọn. Ó lọ, ó sì fìdí rẹmi. Eré àsápajúdé kọ́ ló bà á jẹ́, iná ojú títì náà kọ́. Olùdánwò ní kó fi rìfáàsì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n páàkì sí etí títì, kí ọkọ̀ tirẹ̀ náà tò mọ́ bèbè títì gbọọrọ bíi ti iwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni táyà rẹ̀ gun bèbè. Ó wá kọ̀wé sí mi pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi tí mo ń já wọ Berger láago méje alẹ́, kí ló tún lè le fún mi nínú ọkọ̀ wíwà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ìbéèrè ìtàn ló bi mí. Kí ló dé tí ẹni tó gbóná nídìí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó lè rí àlàfo kó sì kọjá láàárín ọkọ̀ akẹ́rù méjì, fi di ọ̀gbẹ̀rì tí wọ́n bá ní kó fi ẹ̀yìn rìn? Ìdáhùn mi rèé: ọgbọ́n yìí wà nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kò jókòó sídìí sítíárìn. Ìta ọkọ̀ ló dúró sí. Nígbà tí òun sì kúrò ní ìta, a kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.

Àìsí àyè ló bí i

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orísun. Nígbà tí mọ́tò kò tíì pọ̀ láyé, kò sí ẹni tó ń ro bí òun yóò ṣe fún ọkọ̀ sáàárín ọkọ̀ méjì. Ibi tó bá wu onímọ́tò ló ń dúró sí. Ìgbà tí àwọn ìlú ńlá òyìnbó kún fún ọkọ̀ ni etí títì di ohun tí wọ́n ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 1935, wọ́n ri ẹ̀rọ tó ń gba owó páàkì mọ́ etí títì ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Carl Magee, tó jẹ́ oníwèé ìròyìn, ló mú èrò náà wá. Oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 1935, ni ìdánwò ọkọ̀ wíwà di dandan ní Bìrìtéènì. Ẹ kíyè sí i: láàárín ọdún kan ṣoṣo, ní ibi méjì tó jìnnà síra wọn, etí títì di ohun tí à ń sanwó fún, ọkọ̀ wíwà sì di ohun tí à ń ṣèdánwò lé lórí.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn la fi ń wọ àyè tóóró tún ti wà ṣáájú mọ́tò. Georg Lankensperger, tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Munich ní Jámánì, ló ronú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò fi máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ti inú kọ́nà yí ju ti ìta lọ. Rudolf Ackermann gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1818, orúkọ tirẹ̀ ló sì mọ́ ọn lára títí dòní. Mọ́tò jogún ètò yìí. Táyà iwájú ló ń yí. Ti ẹ̀yìn kò mọ̀ ju kó máa tẹ̀ lé e, tó bá sì ń tẹ̀ lé e ní kọ́nà, ó máa ń gé ọ̀nà kúrú sí inú. Nítorí náà, bí ẹ bá fi orí ọkọ̀ wọ àyè tóóró, ìdí rẹ̀ á kù síta, á sì dí títì. Bí ẹ bá fi ìdí rẹ̀ wọlé ṣáájú, orí tó lè yí á wá tẹ̀ lé e wọlé wẹ́rẹ́. Ìrìn alákàn ni. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àmọ́ alákàn tí wọ́n ń wí yẹn, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn, ojú rẹ̀ sì wà níta gbangba. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ìlú mẹ́ta létí ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé, sí Ifọ̀, Ìbàfo àti Mowé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mo yan àwọn mẹ́ta yìí nítorí pé ọ̀nà ló sọ gbogbo wọn di ohun tí wọ́n jẹ́, àmọ́ ọ̀nà wọn kò dọ́gba.

Rélùwéè ló kọ́kọ́ gbé Ifọ̀ jáde. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, ó sì tún di oríta nígbà tí ẹ̀ka kan yà níbẹ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdogò. Lẹ́yìn rélùwéè ni mọ́tò dé, tó ń gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àtijọ́ kọjá: Ọ̀tà, Ifọ̀, Papalantó. Láti 1960 tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kò dáwọ́ dúró ní ọ̀nà náà mọ́. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní Ifọ̀ ni kíkó ẹrù àti jíjá ẹrù. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọ inú ọjà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn lọ bá ọkọ̀ mìíràn ní gáréèjì.

Ti Ìbàfo àti Mowé yàtọ̀. Abúlé kéékèèké ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, lákòókò ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Ọ̀nà náà gùn tó bíi kìlómítà 127, wọ́n sì ṣe é kí ọkọ̀ lè máa sáré kọjá láìdúró. Lẹ́yìn náà ni Èkó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àwọn tí owó ilé Èkó kò ká mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé. Ìjọ Rìdíìmù ti ní àgọ́ tirẹ̀ nítòsí Mowé láti ọdún 1983, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí mìíràn náà sì wá síbẹ̀. Bí abúlé ṣe di ìlú nìyẹn, létí ọ̀nà tí òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lórí rẹ̀.

Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kò rí ohun tí olùdánwò Lọ́ńdọ̀nù ń wí. Gọ́tà ló wà létí ọ̀nà níbi púpọ̀, tàbí iyẹ̀pẹ̀, tàbí ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ìlú tí kò ní bèbè títì, báwo ni ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tò mọ́ bèbè? Àmọ́ ìlàjì ìdáhùn nìyẹn. Ṣebí mo ti sọ pé lọ́rì ń fi ẹ̀yìn wọ inú ọjà Ifọ̀? Ọjà kò gba gbẹ̀rẹ́ ju títì Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ta ló ń ṣe é?

Ojú tó wà níta

Ẹ rántí bọ̀lẹ̀kájà. Pákó ni wọ́n fi kan gbogbo ara rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ Bedford tàbí Austin. Èrò àti ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òrùlé. Díńgí inú tí dírẹ́bà lè fi wo ẹ̀yìn kò wúlò fún un; pákó àti àpò gàrí ló máa rí. Nítorí náà, ọkọ̀ yẹn kò lè ní awakọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn méjì ló ń wà á. Ọ̀kan wà níwájú, ó di sítíárìn mú. Èkejì wà lẹ́yìn, òun ló ni ojú. Orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n sí agbowó lásán kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń di ẹrù tó ń tú u. Òun ló ń pọn omi fún ẹ́ńjìnnì, tó ń fọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí lọ́rì bá ń jìjàkadì lórí òkè, òun ló ń bẹ́ sílẹ̀ tó ń sáré gbé igi sábẹ́ táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá sì fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé, òun ló ń dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti lè ká gọ́tà, ká ọkọ̀ ẹlòmíràn, ká ọmọ tó ń ta omi, táá wá máa ké pé: "Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀... gé e sọ́tùn-ún... tún un ṣe... máa bọ̀... ó tó!" Á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀ kí dírẹ́bà lè gbọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo ju ohùn rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èdè iṣẹ́ ni, ó sì ní òfin tirẹ̀. "Máa bọ̀" kò túmọ̀ sí pé kó yára. Ó túmọ̀ sí pé àyè ṣì wà. Bí ó bá ṣe ń sọ ọ́ léraléra ni dírẹ́bà ṣe ń mọ bí àyè náà ti tó. Bí ohùn bá falẹ̀, àyè ti ń tán. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, kí ọ̀gá tẹ bíréèkì. Àwọn àgbà dírẹ́bà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ifọ̀ sọ fún mi pé àwọn kì í gbọ́ràn sí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu tí àwọn bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀kan ní, "Ohùn ọmọ mi ni mo mọ̀." Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbọ́kànlé lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má wá a lọ sínú ìwé ńlá.

Ilé ẹ̀kọ́ náà tún nìyẹn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lójú títì. Inú gáréèjì ló ti ń kọ́kọ́ di sítíárìn mú, nígbà tí ọ̀gá bá ń jẹun tàbí tó ń sùn: kó sún lọ́rì síwájú díẹ̀, kó fi ẹ̀yìn gbé e síbi tí wọ́n ti fẹ́ kó ẹrù. Èyí ni pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó mọ iwájú rẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi wo ẹ̀yìn láti ìta kí wọ́n tó wọ inú lọ jókòó. Nígbà tí wọ́n bá wá di ọ̀gá, wọ́n á ti ní àwòrán ibi tí ojú wọn kò ká lọ́kàn. Mi ò mọ ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ kan lónìí tó ń fi ọmọ síta lọ́jọ́ kan péré kó kọ́kọ́ wo bí táyà ṣe ń yí.

Òru tí ọ̀tún di òsì

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń gbà, nítorí Faransé. Ẹni tó bá ti Ìlaròó gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Pọ́tọ̀nóófò ní láti yí apá padà ní ẹnubodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Sierra Leone ti ṣe tirẹ̀ ní 1971. Ghana ṣe tirẹ̀ ní 1974.

Àwọn òpìtàn máa ń kọ nípa ọjọ́ yẹn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lílọ síwájú nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, dírẹ́bà tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ etí títì ní láti kọ́kọ́ gé sítíárìn sósì. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀tún ni. Gbogbo igbe tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti há sórí, tó ti wọ̀ ọ́ lára, dojú délẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ́rì àtijọ́ sì ṣì ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ń jókòó sápá gọ́tà. Ó ń rí gọ́tà kedere, àmọ́ kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́kánkán tó bá fẹ́ yà sílẹ̀ kọjá ẹni iwájú. Ta ló máa sọ fún un pé ọ̀nà mọ́? Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni. Èrò tèmi ni pé ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé 1972 ni ìgbà tí a gbára lé ojú ẹni tó wà níta jù lọ nínú gbogbo ìtàn mọ́tò wa.

Ìwé àṣẹ àti ìmọ̀

Àwọn kan lè ní ṣebí láísẹ́ǹsì wà, ṣebí ìdánwò wà. Ó wà. Àmọ́ ẹ rántí pé nínú eré oníṣe *The Road*, tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1965, iṣẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹ̀dá ìtàn náà, tí wọ́n ń pè ní Professor, ni kó máa ṣe ayédèrú láísẹ́ǹsì fún dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìlú ti mọ̀ ló gbé sórí ìtàgé. Nígbà tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ikú ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lójú ọ̀nà, ó wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí aráàlú ń pè ní Májàmájà. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ pẹ̀lú òfin 45 ọdún náà, Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń bá jà: eré àsápajúdé, àpọ̀jù ẹrù, ọtí, ayédèrú ìwé. Ohun tó ń pani ní márosẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n dojú kọ ọ́. Rìfáàsì kò sí lára ohun tó ń di àkọlé ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá fi bọ́ńpà gún ògiri kò di ìròyìn. Ọmọ ọdún méjì tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ fi ẹ̀yìn gbá nínú ọgbà ilé kì í sábà di ìròyìn. Ẹkún inú ilé nìkan ló ń dà.

Ìgbà tí ìta ṣófo

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó. Owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ń ra ọkọ̀ Ìjàpá, nọ́ọ̀sì náà ń rà á. Nígbà tó di 1986, ètò SAP dé, agbára náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun àwòmọ́jú. Tòkunbọ̀ ló gba ipò rẹ̀, ọ̀pọ̀ láti Kútọnu. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó lọ sí Ìbàfo àti Mowé, tí wọ́n ń jí láago mẹ́rin àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ọkọ̀ tara ẹni di ohun tí ẹni tó bá ti lágbára díẹ̀ ń wá lójú méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ọkọ̀ tara ẹni kò ní ọmọ ẹ̀yìn. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ ní pápá bọ́ọ̀lù, ó mọ kílọ́ọ̀ṣì, ó mọ jíà, ó mọ bíréèkì, ó bọ́ sójú títì. Ìlàjì ìmọ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, kò bá a wọnú ọkọ̀. Lóòótọ́, èrè wà nínú ìyípadà yìí. Gáréèjì kò gba ọmọbìnrin síṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ àti ọkọ̀ tara ẹni ló sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun tí kò yani lẹ́nu mọ́. Mi ò sọ pé ká padà sí bọ̀lẹ̀kájà.

Àmọ́ ojú ẹ̀yìn tí a pàdánù, a kàn ń yá a níbi tí a bá ti rí i ni. Mégáàdì ẹnu géètì ń sọ pé "máa bọ̀, máa bọ̀." Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò wa ọkọ̀ rí láyé ń darí wa níwájú báńkì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ọkọ̀ bá ń rọ́ lọ sí àgọ́ Rìdíìmù, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ tó ń tàn yanran, tí wọ́n ń to ọkọ̀ ní ìlà ní ìlà. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Tí awakọ̀ yẹn bá wá dé Peckham, tí kò sí ẹni tó máa ké "ó tó" fún un ńkọ́?

Ẹnìkan á ní, "Prof, ayé ti kọjá ibẹ̀. Kámẹ́rà ti wà." Òótọ́ ni. Láti 2003 ni Toyota ti ń ta Prius tó lè páàkì ara rẹ̀ ní Japan. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà yọ irú páàkì yìí kúrò nínú ìdánwò wọn ní 2015. Bìrìtéènì náà, láti oṣù Kejìlá 2017, ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́ta ni olùdánwò ń mú. Ó lè má kan èyí. Àmọ́ kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó ti fọ́, tí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Mowé bò, ojú wo ló ní? Ohun tí mo ń wí gan-an sì ju páàkì lọ: ẹni tó bá lè fi ọkọ̀ wọ àárín ọkọ̀ méjì láìyára, tó ń wo apá méjèèjì àti ẹ̀yìn, ni ẹni tó ti mọ̀ pé ọkọ̀ òun ní ibi tí ojú òun kò dé. Ọgbọ́n yẹn ló ń dá ẹ̀mí ọmọdé sí.

Bí a ṣe ń ṣe é

Akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn. Mo kọ ọ́ fún Nàìjíríà, níbi tí etí títì wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá wà ní Bìrìtéènì, kó yí ọ̀tún sí òsì, bí àwọn ti 1972 ṣe yí tiwọn. Corolla gùn tó bíi mítà 4.5, kí àyè tí ẹ máa kọ́kọ́ fi kọ́ ọ tó bíi mítà 7. Ẹ wá àdúgbò tó dákẹ́, kí ẹ to garawa tàbí táyà àlòkù dípò ọkọ̀.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ iwájú, kí bọ́ńpà ẹ̀yìn yín dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, kí àlàfo tó bíi mítà kan má sì kọjá bẹ́ẹ̀ láàárín yín. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Ẹ fi sí rìfáàsì, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ. Bí ìdí yín bá ti ń kọjá bọ́ńpà rẹ̀, ẹ gé sítíárìn sọ́tùn-ún pátápátá. Nígbà tí ẹ bá rí gbogbo iwájú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn nínú díńgí òsì, ọkọ̀ yín ti dagun; ẹ tún sítíárìn ṣe. Ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí igun iwájú yín apá ọ̀tún á fi lè yẹ ìdí ọkọ̀ iwájú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gé e sósì pátápátá, orí ọkọ̀ á sì wọlé. Simon Blackburn, onímọ̀ ìṣirò ní Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ òǹkà bí àyè ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó jáde ní 2009, àmọ́ ẹ kò nílò rẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni sùúrù, nítorí ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ yára, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ falẹ̀.

Kí ẹ tó jókòó sínú ọkọ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣe é, kí ẹ̀yin dúró síta bí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ wo táyà iwájú. Ẹ wo ibi tí igun ọkọ̀ ń fò gbà. Ẹ fi ohùn darí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọlé.

Ohun kan ló kù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ọmọ ọdún 15 ní 1960 ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún tàbí kó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni igbe wọn ń bá wọn lọ, torí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n bàbá yín, tàbí bàbá àdúgbò yín bá ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí, ní Ifọ̀ ni o, ní Ṣágámù ni o, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ké tí ọ̀gá bá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé, ohun tó ń ké ṣáájú 1972, àti ohun tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti gáréèjì tó ti ṣiṣẹ́ sí i. Ìtàn ilẹ̀ wa wà nínú "máa bọ̀, máa bọ̀" yẹn, ó sì dára ká gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ pé ó tó.